Wọ́n Ní Ìyá Atukọ̀ Kúnlẹ̀

Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná, Àǹtí mi, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi, torí tí ẹ bá ń lọ aṣọ lọ tí ẹ ń ṣe "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn" bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò, màá bínú kúrò níbí. Wọ́n ti pa á. Wọ́n pa Ìyá Atukọ̀, wọ́n sin ín, wọ́n sunkún, wọ́n nujú, wọ́n pín ẹrù ẹ̀, kí n tó dé. Èmi tí mo ni ín. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi dá a, tí mo ń sọ̀rọ̀ fún un láti ọjọ́ yìí wá, n ò sí níbẹ̀. Èyí tó wá ká mi lára jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ? Wọ́n ní kó tó kú, ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Oníbodè, ó ní kó dárí ji òun. Ìyá Atukọ̀ o. Obìnrin tí kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí.

Rárá, kì í ṣe ará ilé wa. Ẹ jókòó, ẹ má ká ọwọ́ lérí, kò sẹ́ni tó kú ní ti òkú tí wọ́n ń gbé. Ẹgbẹ́ òǹkọ̀tàn mi ni mò ń sọ, àwọn tí a jọ ń kọ ìtàn lórí fóònù. Mo ti sọ fún yín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ò fetí sílẹ̀ nígbà náà ni. Ìlú kan wà tí gbogbo wa fọkàn dá, ìlú etí odò, kò sí lórí ilẹ̀ ayé, inú ọ̀rọ̀ ló wà. Oníkálùkù ló ní ẹni tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ló ni oníṣègùn, òun ló ń kọ ohun tí oníṣègùn ń ṣe àti ohun tó ń sọ, ẹlòmíì ló ni alágbẹ̀dẹ, èmi ni mo ni Ìyá Atukọ̀, arúgbó olójú kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá. Tí alágbẹ̀dẹ bá sọ̀rọ̀ sí mi lónìí, màá fi ẹnu Ìyá Atukọ̀ dá a lóhùn, oníṣègùn á dá sí i tó bá dọ̀la, bí ìtàn ṣe ń gùn sí i nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún. Òfin tó ga jù níbẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó bá ni èèyàn ló ni ẹnu ẹ̀. Òfin yẹn gan-an ni wọ́n fi nu ẹsẹ̀.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rí yín, ẹ ń fi aṣọ bo ẹnu. Eré ọmọdé lẹ pè é, àbí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, níbi iṣẹ́ tí mo ti ń gba owó oṣù, kí ni mo jẹ́? Ìdí fóònù ni wọ́n fi mí sí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bàjẹ́ ni gbogbo ayé ń pè mí lé lórí. "Ẹ káàárọ̀, ẹ má bínú, kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?" Ẹni tó bínú á bú mi, màá ní ẹ ṣeun. Ẹni tó bú bàbá mi, màá ní ẹ ṣeun. Títí di òní olónìí, ọ̀gá wa ṣì ń fi orúkọ obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi pè mí, mo sì ti ń dáhùn. Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí kò sí yẹn, tí ọkọ̀ mi bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn àgbààgbà á máa tún ìwọ̀sọ wọn ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu ń bọ̀.

Kì í sì í ṣe pé mo kàn ń kọ ìtàn níbẹ̀ o, mo níṣẹ́. Ẹ ní ṣé wọ́n ń sanwó? Kò sówó. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò gba nǹkan kan, àwa díẹ̀ la yọ̀ǹda ara wa, torí ìlú tí kò lálábòójútó, ṣé inú ọ̀rọ̀ ló wà ni o, ṣé orí ilẹ̀ ni, á tú ni. Ẹnì kan ń kí àlejò káàbọ̀, ó ń kọ́ wọn lófin. Ẹnì kan ń parí ìjà, torí òǹkọ̀wé ń jà ju orogún lọ. Oníbodè ni olórí wa, orúkọ ẹni tó ni nínú ìtàn la fi ń pè é, òun ló ń ṣọ́ ibodè ìlú, òun ló máa ń dá ọkọ̀ mi dúró láti tú ẹrù èrò. Lójú ayé, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí, ká pàdé lọ́nà báyìí mi ò ní mọ̀ ọ́n. Èmi, Asìnnilọ́nà ni wọ́n ń pè mí.

Asìnnilọ́nà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, gbogbo nǹkan ló ń sú èèyàn. Ẹnì kan á máa kọ, á máa kọ, ọjọ́ kan á kàn dákẹ́. Ó bímọ ni, ó rí iṣẹ́ ni, ó sú u ni, kò ní sọ. Ẹni tó ni nínú ìtàn á wá dúró sójú kan tòun ti ife lọ́wọ́, àwọn tó kù á máa dúró kó fèsì, ìtàn á há. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n kọ̀wé sí onítọ̀hún pé ṣé o ṣì wà pẹ̀lú wa? Tí kò bá dáhùn, kí n tún kọ. Tí kò bá tún dáhùn, kí n sin ẹni ẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ lókè odò, ó lọ wáṣẹ́ nílùú mìíràn. Ìyá Atukọ̀ á gbé e sọdá, á bú u díẹ̀, á ju ẹrù ẹ̀ sí èbúté, ó parí. Mi ò pa ẹnì kankan rí. Mi ò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sí wọn lẹ́nu rí, ní dídákẹ́ ni gbogbo wọn máa ń wọkọ̀ mi. Kí wọ́n lè rí ọ̀nà padà tó bá wù wọ́n lọ́jọ́ kan. Ṣé ìyẹn náà lẹ pè ní eré ọmọdé?

Ó dáa. Ìgbà tí màmá wa ṣubú wá dé.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí pé ẹ ò wá. Mo ní mi ò ní sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà níbí, oníbàárà ń bọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn yín, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo sùn lórí àga onírin yẹn, tí ọrùn mi dà bí ẹni pé wọ́n yí i sódì. Wọn kì í jẹ́ ká tan fóònù ní wọ́ọ̀dù yẹn nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń dún, tí mo bá sì jáde síta, ta ló ń rántí fóònù? Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa wo ògiri. Ṣùgbọ́n mi ò dédé pòórá o, ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Kí n tó tẹ̀lé ọkọ̀ aláìsàn lọ, mo gbàyè nínú ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ ketekete: ìyá mi ṣubú, mò ń lọ tọ́jú wọn, ẹ bá mi di ipò mi mú, ẹ jẹ́ kí Ìyá Atukọ̀ so ọkọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí màá fi dé. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ síbi tí òfin ní ká fi í ránṣẹ́ sí.

Ibo ni òfin ní ká fi í ránṣẹ́ sí? Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ Asìnnilọ́nà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ̀wé sí ara mi. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ sinmi, ọ̀dọ̀ Asìnnilọ́nà ló ń kọ̀wé sí, ibẹ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ nínú fóònù, Asìnnilọ́nà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, torí àṣírí àwọn èèyàn máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó lóyún, ẹni tí ọkọ ẹ̀ lé jáde. Ó ti mọ́ mi lára bẹ́ẹ̀ tí mo fi ju ìwé síbẹ̀, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò tí mo bá tèmi lọ. Nígbà tí wọn ò rí mi mọ́, wọ́n ní kí Labalábá bá mi di ipò mú. Labalábá, orúkọ tó ń jẹ́ nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó dákẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Kò ní kọ́kọ́rọ́, ohun tó rí kò ju pé èèyàn kan ti dákẹ́ kọjá àlà. Ó kọ̀wé sí mi, ṣé o ṣì wà pẹ̀lú wa? Ó tún kọ. Ìwé méjèèjì dúró lórí fóònù tó wà ní pípa nínú báàgì mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Ó wá sìn mí lọ́nà.

Ẹ ní kí ló dé tí n ò sọ fún olórí tààrà? Ẹ̀bi mi wá ni? Àǹtí mi, ẹni tí wọ́n gbé ìyá ẹ̀ sínú ọkọ̀ aláìsàn, tí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, òun lẹ fẹ́ kó jókòó máa ro bí òfin ṣe rí? Mo tẹ̀lé òfin. Gbogbo èèyàn tó dákẹ́ láìtẹ̀lé òfin ni mo sìn lọ́nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi tí mo tẹ̀ lé e ni wọ́n pa. Ta ló rò ó pé ẹni tó ń sin gbogbo èèyàn lọ́nà lè rìnrìn àjò lọ́jọ́ kan? Kò sẹ́ni tó rò ó. Títí kan èmi.

Ká ní wọ́n tiẹ̀ fi mí ránṣẹ́ sókè odò bí mo ṣe máa ń ṣe fún wọn, ká ní wọ́n mú mi dákẹ́ wọ ọkọ̀, mo ti dé báyìí, mi ò bá kàn tukọ̀ padà wálé. Labalábá ní rárá, èèyàn ńlá ni Ìyá Atukọ̀, ó yẹ ká ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní òjò ń rọ̀, ara Ìyá Atukọ̀ ò le mọ́, ó wọ́ ara ẹ̀ dé ibodè, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Oníbodè, mo ti ṣẹ̀ ọ́, dárí jì mí, ọkàn mi ń fẹ́ ìsinmi." Ọkàn ta ló ń fẹ́ ìsinmi? Ìyá Atukọ̀ ò sọ "ọkàn mi" rí láyé ẹ̀. Ó ní ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ ń tàn, ẹ̀mí bọ́. Eyín wo? Mo ti yọ eyín iwájú obìnrin yẹn láti ọdún tí mo dá a sílẹ̀, torí kó lè máa súfèé sí èrò tó bá pẹ́.

Ẹ sì wá gbọ́ ohun tó wà láàárín òun àti Oníbodè, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe torí eyín ni mo ṣe ń bínú. Ìgbà kan wà nínú ìtàn tí Ìyá Atukọ̀ gbé ọmọ aláìsàn kan bọ̀ wá sọ́dọ̀ oníṣègùn, Oníbodè dá ọkọ̀ dúró, ó ní òfin ni, àfi kí òun tú gbogbo ẹrù. Ọmọ yẹn kú sínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Atukọ̀ ti búra pé òun ò ní kí i láéláé. Gbogbo ìtàn wa, orí ìjà yẹn ló dúró lé. Òun ni wọ́n ṣẹ̀, òun náà ló wá ń bẹ̀bẹ̀. Ta ló sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e jáde? Oníbodè, olórí wa. Ó kà á, ó rí i pé ẹni tó ti ń bú òun bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kúnlẹ̀ fún òun, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àfi bíi kí n ju fóònù yẹn mọ́ ògiri ọsibítù. Mo kọ̀wé sí wọn. Mo bẹ̀bẹ̀, Àǹtí mi, èmi yìí, mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹ bá mi pa á rẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ pé àlá ni, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìbejì ẹ̀ ló kú, mi ò kọ ohun tí ẹ bá pè é. Oníbodè fèsì. Ó ní ó dun àwọn dọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí a ti kọ la ti kọ, òfin ni, torí àwọn èèyàn ti kọ ìtàn lé ikú náà lórí. Alágbẹ̀dẹ ti rọ ìdákọ̀ró kan sójú oórì. Oníṣègùn ti fi ọtí sílẹ̀ nítorí ìbànújẹ́, ó ti gbé ìyàwó. Ṣé ká wá tú ìgbéyàwó oníṣègùn ká nítorí mi? Ó ní ọ̀pọ̀ ló sọ pé ìjáde tó dùn jù lọ tí wọ́n kà rí nìyẹn, ó pa wọ́n lẹ́kún. Àwọn kan kọ̀wé kí mi, wọ́n ní mo kú ará fẹ́ra kù. Ọkọ̀ mi ńkọ́? Ó ti di ti Labalábá, ẹni tirẹ̀ jẹ́ ọmọge kan tó máa ń kọrin, òun ló ń tukọ̀ báyìí, ó ti ya òdòdó sí i lára. Òdòdó, lára ọkọ̀ Ìyá Atukọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, ẹ fara balẹ̀ o, pé tí mo bá fẹ́, kí n dá ẹni tuntun sílẹ̀, kí n wọ̀lú bí àlejò. Kí ọmọge olórin yẹn gbé mi sọdá. Ní ti iṣẹ́ Asìnnilọ́nà, àyè mi ṣì wà níbẹ̀, torí Labalábá ní òun ò lè ṣe é mọ́, ó ń ba òun nínú jẹ́ jù. Àwọn tó ti dákẹ́ sì ti ń pọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ sìn wọ́n lọ́nà, ṣé n ò lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la? Wọ́n pa mí tán, wọ́n ní kí n wá ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn. "Fi wọ́n sílẹ̀." Gbogbo ìgbà ni ẹ máa ń sọ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló ń pa mí lẹ́kún? Ẹ wò mí lójú. Ohùn wo lẹ rò pé Ìyá Atukọ̀ fi ń sọ̀rọ̀? Níbo lẹ rò pé èmi, tí mi ò lè bú oníbàárà lórí fóònù, ti rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ọkùnrin kan bá wọ ọkọ̀ tó ń fi ẹrù ńlá yangàn, Ìyá Atukọ̀ á ní, "Ẹrù rẹ wúwo ju làákàyè rẹ lọ, jókòó sáàárín kí ọkọ̀ má baà dojú dé." Kí ló fi jọ? Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá síbí, síwájú tábìlì tí ẹ dúró tì yìí, tó ń pariwo pé wọn ò fọ̀ ọ́ mọ́, tí màmá na aṣọ náà sí i, tí wọ́n ní, "Aṣọ rẹ mọ́ ju ìwà rẹ lọ, gbé e kó o máa lọ"? Tíṣà gíga yẹn tó ń fọ́nnu ńkọ́? "O ga tó báyìí, ọgbọ́n ò rókè gùn dé orí rẹ." Mo fi ìyẹn bú Oníbodè, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu màmá ni, Àǹtí mi. Gbogbo ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí nígbà tá a wà ní kékeré, tí èmi àtẹ̀yin á sá sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ máa bo ẹnu rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ ni mo kó fún obìnrin yẹn.

Ẹ ò kúkú mọ̀, torí ẹ ò ka ọ̀kan rí nínú ẹ̀. Mi ò bá yín jà.

Ọ̀rọ̀ tí màmá ń sọ ti ń dín kù kí wọ́n tó ṣubú, ẹ rántí. Ẹ ní àgbà ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, wọ́n á wá a tì. Àmọ́ ohun tó bá sọnù lẹ́nu màmá láàárọ̀, màá bá a lẹ́nu Ìyá Atukọ̀ lọ́sàn-án. Mo wá fọkàn balẹ̀. Mo ní kò lè tán, ibì kan wà tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí dókítà wá sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ní padà bó ṣe wà, mi ò sunkún. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mo tan fóònù, mo ní jẹ́ kí n lọ kí màmá mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ẹ má nu omijé mi, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Ẹ ní kí n kọ ọ́ síbòmíì? Mo gbìyànjú. Mo jókòó, mo kọ "Ìyá Atukọ̀ ní," mi ò rí nǹkan kan kọ mọ́. Ṣé ẹnu màmá máa ń dédé là ni? Àfi kẹ́nì kan tọ́ wọn. Oníbàárà gbọ́dọ̀ dúró níwájú tábìlì kó ṣe ohun tí kò tọ́, ìgbà náà lẹnu ń ṣí. Oníbodè ló ń tọ́ Ìyá Atukọ̀. Á dá ọkọ̀ dúró, á ní kí ló wà nínú àpò yìí, ọ̀rọ̀ tí màmá sọ nígbà tí mo ṣì kéré á ya bọ́ sí mi lẹ́nu. Èmi nìkan ò lè tọ́ ara mi. Ọ̀tá mi yẹn, tí mi ò mọ ojú ẹ̀, òun ló ń bá mi mú màmá sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀, torí mi ò sọ fún un.

Àwọn èyí tí mo ti kọ ńkọ́? Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ẹni tó bá ti kú nínú ìtàn, gbogbo ojú ewé ẹ̀ ni wọ́n máa ń kó lọ síbì kan tí wọ́n ń tì pa, kí àwọn àlejò má baà máa jí ọ̀rọ̀ òkú lò. Àwa òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan la lè wọbẹ̀. Mi ò kọ ẹ̀dà kankan pa mọ́. Ta ló ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ tó ń kọ ẹ̀dà? Tí mo bá wá fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń wí, tí mo bá fi ìbínú ju iṣẹ́ wọn sí wọn lójú, èyí tó wù mí bí nǹkan míì, ilẹ̀kùn á tì mọ́ mi, ó di gbére. Torí náà, mo ti fèsì. Mo ní mo gbà. Mo ní ẹ ṣeun. Láti ọ̀la, màá máa bá Oníbodè sin àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́, màá máa ki ọmọge olórin pé ọkọ̀ ẹ̀ rẹwà, kí n ṣáà lè máa wọbẹ̀ lọ ka ìyá mi. Àtijẹ àtimu ò tíì mú mi ṣe ohun tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dákẹ́. Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ.

Ọkùnrin tó máa ń wá kanlẹ̀kùn wa kíkankíkan, tí màmá á dúró sínú ilé. Mo rántí ẹ̀ o. Mi ò kọ ìyẹn rí, mi ò rántí kọ ọ́. "Máa kànkùn lọ, ilẹ̀kùn gbọ́n jù ọ́ lọ, òun mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn? Ilẹ̀kùn? Èmi rò pé ògiri ni wọ́n sọ. "Ògiri yìí gbọ́n jù ọ́ lọ." Rárá, Àǹtí mi, ògiri ni, mo wà lẹ́yìn wọn, mo di aṣọ wọn mú. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ní ilẹ̀kùn ni, ó dá yín lójú? Kò dá yín lójú mọ́ báyìí. Ó sì yẹ kó ku díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan kan wà lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn tó máa ń mú kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín kó tó lọ. Kí ni? Ẹ ò rántí. Èmi náà ò rántí.

Kí lẹ ń wá bàtà fún? Ẹ ní ká lọ bi màmá? Ẹ jókòó.

Ẹ jókòó, Àǹtí mi. Mo ti ṣe é. Láàárọ̀ yìí, kí n tó máa bọ̀ níbí, mo dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ sí ìbàdí, mo ṣe ojú bí ẹni tó wá ja ìjà, mo ní, "Ìyá yìí, aṣọ tí o fọ̀ fún mi ò mọ́." Mo ní alágbàfọ̀ aláìnítìjú ni wọ́n. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn, mo bú ìyá tó bí mi sójú wọn, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní ọmọ burúkú ni mí. Mo ṣáà fẹ́ kí wọ́n bú mi padà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo rí i tí ètè wọn ń mì. Mo sún mọ́ wọn, mo tẹ́ etí sílẹ̀. Màmá mú ọwọ́ mi, wọ́n rọra fi ọwọ́ tiwọn pa á, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun gan-an, nọ́ọ̀sì."